Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wa Wò Kí Ẹ Tó Gba Búrẹ́dì Lẹ́nu Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Kíníìkì Tairọ́ìdì Wa

Ẹ̀yin aláṣẹ àti ẹ̀yin dókítà àgbà tí ẹ ń darí kíníìkì tairọ́ìdì wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn. Mi ò ní fi ìkíni gba àkókò yín, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ìwé tí ẹ pín fún wa lóṣù tó kọjá ló tú u síta.

Ojú ìwé kan péré ni. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí fáìlì ló ń fi lé wa lọ́wọ́ bí a ṣe ń gba káàdì. Lẹ́tà gàdàgbà ni ẹ fi kọ ọ́ sókè pé kí gbogbo ẹni tó bá ní àìsàn tairọ́ìdì jáwọ́ nínú gúlútẹ̀nì láti ọjọ́ náà lọ, pé èyí ni yóò wo àìsàn náà láti gbòǹgbò. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tín-ín-rín, ẹ sọ pé ẹ ti yọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àìsàn sílíákì kúrò lára àwọn àyẹ̀wò tí ẹ ń ṣe fún aláìsàn tuntun, nítorí pé gbogbo wa náà ni yóò ṣáà fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀. Gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló lé oorun lójú mi.

Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn lè bá wa lọ: gúlútẹ̀nì ni èròjà tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà bíi rọ́bà, kí búrẹ́dì sì wú. Sílíákì ni àìsàn tó jẹ́ pé, bí ẹni tó ní in bá jẹ gúlútẹ̀nì, ara rẹ̀ á kọjú ìjà sí ìfun kékeré tirẹ̀. Tairọ́ìdì ni ẹran kékeré tó rí bíi labalábá níwájú ọrùn, lábẹ́ gògóńgò. Họ́mọ̀nù tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ fún ọkàn bí yóò ṣe yára tó, ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe gbóná tó, ló sì ń sọ fún oúnjẹ bí yóò ṣe yára dà tó.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá àwọn tí kì í jẹ gúlútẹ̀nì ni mí. Èmi gan-an kì í jẹ ẹ́, ó ti pé ọdún 4 báyìí, n kò sì ní jẹ ẹ́ mọ́ títí n ó fi kú. Ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí ọ̀nà yẹn gan-an ni ìwé yín ń ti àwọn ẹlòmíràn sí.

1. Ẹ kó gbogbo wa sínú àpò kan ṣoṣo.

Àìsàn tairọ́ìdì kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ń ṣe èmi ni Hashimoto, tí wọ́n fi orúkọ oníṣẹ́ abẹ ará Japan nì, Hakaru Hashimoto, pè, nítorí òun ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1912. Nínú tiwa, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà ni wọ́n yíjú padà sí tairọ́ìdì, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ti Graves, tí Robert Graves ará Ireland kọ nípa rẹ̀ ní 1835, ìdàkejì rẹ̀ ni: ọmọ ogun ara ló ń na tairọ́ìdì lẹ́gba kó máa ṣiṣẹ́ àṣejù. Àwọn kan wà tó jẹ́ àìtó áyódìnì nínú oúnjẹ ló mú ọrùn wọn wú. Àwọn kan wà tí wọ́n bí láìní tairọ́ìdì rárá. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ iṣẹ́ abẹ ló gbé tiwọn lọ.

Bàbá kan jókòó tì mí lọ́jọ́ tí ẹ pín ìwé náà. Àpá ọ̀bẹ wà nísàlẹ̀ ọrùn wọn, ó lọ láti ọ̀tún dé òsì bí ìgbà tí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó. Jẹjẹrẹ ló mú kí wọ́n yọ tairọ́ìdì wọn kúrò pátápátá. Ìwé kan náà ni wọ́n fún wọn. Wọ́n kà á, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá nǹkan tún wà níbẹ̀, wọ́n wá kọjú sí mi: "Ọmọ mi, tairọ́ìdì wo ló kù lára mi tí búrẹ́dì tún fẹ́ bà jẹ́?" Mi ò rí èsì fún wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé náà, ẹ bá mi dá wọn lóhùn.

2. Ẹ ń mú wa fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀ kí ẹ tó yẹ̀ wá wò, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò náà kì í lè sọ òótọ́ mọ́ tí èèyàn bá ti fi í sílẹ̀.

Níbí ni màá ti pẹ́ díẹ̀, nítorí ó ṣojú mi.

Ọdún 9 sẹ́yìn ni wọ́n sọ fún mi pé Hashimoto ni. Wọ́n fún mi ní levothyroxine, oògùn oníhóró tó ń ṣe iṣẹ́ họ́mọ̀nù tí tairọ́ìdì kò lè ṣe mọ́. Láti orí máíkírógíráàmù 75 ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ó di 100, ó di 125, ó di 150, ó di 175. TSH, ìyẹn họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọpọlọ fi ń pariwo mọ́ tairọ́ìdì pé kó ṣiṣẹ́, kọ̀, kò wálẹ̀. Bó bá bọ́ sí 9 lónìí, á tún gun 14 tó bá ṣe díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 4 sísàlẹ̀. Mo ń sùn lórí àga níbi iṣẹ́. Irun mi ń já sínú ìyàrun. Ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, mo ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń da omi sínú ajere.

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ tí mo bá wá: "Mà, ṣé ẹ ń lo oògùn yìí lóòótọ́?"

Mo ń lò ó. Kàlẹ́ńdà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, mo so bírò pupa kan mọ́ ọn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí. Bí mo bá ti fi omi gbé hóró náà mì, mo máa fa ìlà lé ọjọ́ yẹn, mo sì máa dúró fún wákàtí kan gbáko kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Ó sú mi lọ́jọ́ kan, mo ká kàlẹ́ńdà náà, mo gbé e wá fún dókítà. Oṣù mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀, ìlà pupa tẹ̀ lé ìlà pupa, ọjọ́ méjì péré ni kò ní. Dókítà kò tú u wò. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, ó kọ 200.

Mo béèrè lọ́jọ́ náà bóyá inú mi tó máa ń wú bí ìlù, àti ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń ṣe mí, lè mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ní àròjù ni. Mo béèrè nípa gúlútẹ̀nì tí àwọn aláìsàn bíi tèmi ń sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n yéé ka ìsọkúsọ orí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹ̀rín yẹn o, nítorí kíníìkì yìí kan náà ló ń pín ìwé fún gbogbo ayé lónìí pé kí wọ́n fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, wọn kò yẹ̀ mí wò. Nísinsìnyí tí ẹ gbà, ẹ kò tún fẹ́ yẹ ẹnikẹ́ni wò. Àyẹ̀wò tó yẹ kó wà láàárín ẹ̀rín àti àṣẹ, òun lẹ fò kọjá lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Mo fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀ fúnra mi. Oṣù 7 ni mo fi ṣe é, ara sì tù mí. Dókítà tuntun kan wá dé, ó bi mí ní ìbéèrè tí ẹnìkan kò bi mí rí: kí ni mò ń jẹ, báwo ni ìgbẹ́ mi ṣe rí, ṣé ẹnìkan nínú ẹbí mi ní irú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní tTG-IgA. Èsì dé: kò sí nǹkan kan. Ó wò mí lójú, ó ní, "Mà, mi ò lè gba èsì yìí gbọ́. Ohun ìjà ara tí à ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yín, bí ẹ bá ti fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀, ó ń pòórá ni."

Ó ní kí n padà sídìí ẹ̀. Ìlànà ni pé kí èèyàn jẹ gúlútẹ̀nì nínú oúnjẹ tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán, kí wọ́n tó tún ẹ̀jẹ̀ fà. Mo jẹ ẹ́. Ègé búrẹ́dì méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, inú mi ti le bí pákó. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì tó gbà mí mọ́, aṣọ ni mò ń ró lọ síbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi máa ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́, á fi ìka kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́: "Màámi, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Lálaalẹ́ tí mo bá gbé búrẹ́dì yẹn, mo máa ń wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó jẹ ẹ́. Mò ń jẹ ohun tí mo mọ̀ pé ó ń pa mí lára, kí bébà lè jẹ́rìí sí i pé ó ń pa mí lára.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, èsì ẹ̀jẹ̀ fò sókè kọjá àlà. Wọ́n ti ẹ̀rọ olókùn gba ọ̀fun mi dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, wọ́n já díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi maikirosíkóòpù wò ó. Ó yẹ kí inú ìfun kékeré ní àwọn ìka wẹ́wẹ́ tó dúró ṣánṣán bí irun orí aṣọ ìnura, àwọn ni wọ́n ń fa oúnjẹ àti oògùn sínú ẹ̀jẹ̀. Tèmi ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Sílíákì ni.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Inú ìfun kékeré ni ara ti ń gba levothyroxine. Máíkírógíráàmù 200 tí ẹ̀ ń kọ fún mi, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń gba inú mi kọjá ni, kò wọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ náà ń kọjá. Kàlẹ́ńdà mi kò purọ́, oògùn kò sì burú. Ìfun ni kò gbà á. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ì bá ti sọ ọ́ fún wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọdún 9 sẹ́yìn. Ìgò ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an lẹ yọ kúrò.

3. Ìmọ̀ wà nílẹ̀ lórí ẹni tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò àti ẹni tó yẹ kó fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀, ẹ kò sì tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ pé gúlútẹ̀nì lè ba ìfun jẹ́. Dókítà ọmọdé ará Netherlands kan, Willem Dicke, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àlìkámà ló ń fa sílíákì, ìwé ìwádìí rẹ̀ sì jáde ní 1950. Àwọn tí sílíákì ń ṣe ní gbogbo àgbáyé ń lọ sí nǹkan bí ẹnìkan nínú 100. Láàárín àwa tí ọmọ ogun ara ń bá tairọ́ìdì wa jà, ọ̀pọ̀ ìwádìí rí i pé ó ń lọ sí ẹni 2 sí 5 nínú 100. Ẹbí kan náà ni àìsàn méjèèjì: ara tó ti ṣìnà bá ibì kan jà lè bá ibòmíràn jà náà. Ìdí nìyí tí ìlànà NICE, tí ilé ìwòsàn ìjọba England ń lò, fi sọ ọ́ kedere ní 2015 pé kí wọ́n fi àyẹ̀wò sílíákì lọ ẹni tó bá ní irú tairọ́ìdì yìí ní kété tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ó ní in. Àyẹ̀wò ni wọ́n sọ. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fi búrẹ́dì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ẹni tó kù. Bí ẹni 5 bá ní sílíákì nínú 100, ẹni 95 kò ní in. Kí ni gúlútẹ̀nì ṣe fún àwọn yẹn? Mo ti ka ohun tí àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ yín lárugẹ ń sọ, pé gúlútẹ̀nì jọ tairọ́ìdì lójú àwọn ọmọ ogun ara, pé bí wọ́n bá rí ọ̀kan wọ́n á kọlu èkejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó fi hàn lára èèyàn pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí jáde ní 2019: obìnrin 34 tó ní Hashimoto, àwọn 16 nínú wọn fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀ fún oṣù 6. Ohun ìjà ara tó ń bá tairọ́ìdì jà dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n TSH wọn kò yí padà. Obìnrin 16! Mo fi ọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe ìwádìí náà, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe èyí tó tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ọ̀rọ̀ obìnrin 16 sọ di òfin fún gbogbo aláìsàn tó bá wọ ọgbà yín?

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni tó bá ní ara òun yá nígbà tí òun kò jẹ ẹ́ jà. Àwọn kan wà tí wọn kò ní sílíákì, síbẹ̀ tí àlìkámà kò bá inú wọn mu. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kó gbìyànjú rẹ̀. Kó sáà ti kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò.

4. Ọ̀rọ̀ yín ti mú kí ẹnìkan ju oògùn rẹ̀ nù.

Èyí ló dùn mí jù. Aláìsàn ẹlẹgbẹ́ mi kan wà, a jọ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ gúlútẹ̀nì yìí lẹ́nu òṣìṣẹ́ yín kan tipẹ́tipẹ́ kí ìwé náà tó jáde, wọ́n ní yóò wo àìsàn náà láti gbòǹgbò. Ó fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀, ó sì fi oògùn náà sílẹ̀. Ó ní bí gbòǹgbò bá ti kú, kí ni òun tún ń fi oògùn ṣe? Ọ̀rọ̀ yín ló tẹ̀ lé, kò sọ àsọdùn kankan.

Levothyroxine kì í kúrò lára kíá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kìíní, ara rẹ̀ dá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń pè mí pé òun ti rí ìwòsàn. Nígbà tí mo fi máa rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mi ò dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Ojú rẹ̀ ti wú, ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo, ohùn rẹ̀ ti há bíi ti ọkùnrin, tí a bá bi í ní nǹkan, á ronú pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ń falẹ̀. Èmi ni mo mú un wọlé lọ́jọ́ náà.

Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka lẹ́tà yìí mọ̀ pé ibi tí àìsàn yìí ń bá èèyàn dé nìyẹn kí oògùn tó dé, ó sì ń pani. Ní 1891, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, George Murray, fa omi láti inú tairọ́ìdì àgùntàn, ó fún obìnrin kan tó ti wú, tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń falẹ̀, lábẹ́rẹ́. Obìnrin náà gbádùn. Ọdún 28 ló tún lò láyé, tairọ́ìdì àgùntàn tó lé ní 870 ni wọ́n sì fi gbé e ró títí ó fi kú. Lónìí, hóró kékeré funfun kan tí kò tó ẹ̀wà ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo àgùntàn yẹn. Tairọ́ìdì tí Hashimoto bá ti jẹ tán, àìjẹ búrẹ́dì kì í dá a padà. Tèmi kò padà. Ọdún 4 ni mo ti fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀, mo ṣì ń jí laago márùn-ún láti gbé hóró mi mì.

5. Ẹ ní ká fi í sílẹ̀, ẹ kò sì tẹ̀ lé wa lọ.

Nígbà tí ìfun mi bẹ̀rẹ̀ sí í sàn, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bó ṣe yẹ. Máíkírógíráàmù 200 yẹn ṣì ni mò ń lò. Kò sí ẹni tó pè mí pé kí n wá tún TSH yẹ̀ wò. Lóru ọjọ́ kan, ọkàn mi ń lù kìkìkì tó fi jẹ́ pé ọkọ mi tó sùn tì mí gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ń làágùn, mi ò lè mí délẹ̀. Oògùn tí kò tó fún mi nígbà kan ló ti wá pọ̀ jù fún mi. Àpọ̀jù levothyroxine lè da ìlùkìkì ọkàn rú, ó sì ń jẹ eegun tó bá pẹ́ lára. Wọ́n dín in kù, ó di 150, ó di 125, ó wá dúró sórí 100. Ìwọ̀n kílógíráàmù 62 ni mí. Bí ẹ bá fi 1.6 sọ 62 di púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ṣe ń ṣírò rẹ̀ fún ẹni tí tairọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, nǹkan bíi 99 ló máa jẹ́. Iye tó yẹ mí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá ní sílíákì, tó sì fi gúlútẹ̀nì sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ TSH rẹ̀, irú òru yẹn lè bá a. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn àyípadà kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí ẹ tún un yẹ̀ wò. Kò sí nínú ìwé yín.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹ kò sọ fún wa pé gúlútẹ̀nì ń fara pamọ́ sínú ọbẹ̀ inú agolo, sọ́ọ̀sì àti súyà ẹran inú ọ̀rá. Ẹ kò sọ pé kí ẹni tó ní sílíákì má bá ará ilé pín ajọ̀ ìyẹ̀fun tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, nítorí ẹ̀rúnrún díẹ̀ ti tó. Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, ní ohun tí wọ́n bá kọ "gluten-free" sí lára kò gbọ́dọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílógíráàmù kan. Ẹ kò sì sọ fún ẹni tí kò ní sílíákì pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bisikíìtì aláìní-gúlútẹ̀nì yẹn kún fún ṣúgà àti ọ̀rá, tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun. Tairọ́ìdì gan-an nílò èròjà ẹ̀jẹ̀ yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní iron, láti ṣe họ́mọ̀nù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

6. Ohun tó ń da oògùn gbogbo wa láàmú, ẹ kò kọ ọ́.

Kọfí. Wàrà. Oògùn ẹ̀jẹ̀. Oògùn kálísíọ̀mù tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ fún àwọn àgbà obìnrin. Bí a bá lò wọ́n pọ̀ mọ́ levothyroxine, wọn kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa. Ó yẹ kí wákàtí 4 wà láàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí kálísíọ̀mù. Báyótìnì, ìyẹn fítámì tí àwọn obìnrin ń lò kí irun wọn lè dàgbà lè mú kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka TSH lódì, kí ó sọ pé ara dá nígbà tí ara kò dá. Mo bi àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, èèyàn 11 ni wá. Àwọn 7 ló ń mu tíì onímílíìkì tàbí kọfí sórí hóró wọn láàárọ̀ kùtù. Kò sí ẹnì kan tó tíì bá wọn sọ ọ́ rí. Ojú ìwé kan tó sọ èyí ì bá ṣe gbogbo wa lóore, ẹni tó ní sílíákì àti ẹni tí kò ní in.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Ẹ kó ìwé náà kúrò nídìí fáìlì lọ́la, kí ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹ pe gbogbo ẹni tó ti gbà á, ní pàtàkì àwọn tí wọn kò tíì padà wá, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn yín?

Ẹ dá àyẹ̀wò sílíákì padà fún gbogbo aláìsàn tuntun tó ní Hashimoto tàbí Graves, kí ẹ sì ṣe é kó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Kí ẹ wọn àpapọ̀ IgA pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà ohun ìjà ara tí àyẹ̀wò náà ń wò, nítorí ẹni tí IgA rẹ̀ kò tó, èsì tTG-IgA rẹ̀ lè tan yín jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní in tipẹ́, tí wọn kò yẹ̀ yín wò rí, tí ẹ sì ń ka èyí: ẹ má fi búrẹ́dì sílẹ̀ lónìí. Ẹ lọ fa ẹ̀jẹ̀ yín ná.

Fún ẹni tí oògùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí TSH rẹ̀ kò sì wálẹ̀, a ń béèrè pé kó di òfin pé ẹ máa wo ìfun rẹ̀ kí ẹ tó fi irọ́ kàn án. Kí ẹni tí ẹ bá bá sílíákì lára rẹ̀ rí amọ̀ràn oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ tó gbọ́ èsì rẹ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ TSH fún un kó tó jáde nínú yàrá. Kí ẹ kọ ìwé mìíràn, lórí bí a ṣe ń lo hóró náà, ní èdè tí ìyá àgbà lè kà. Bí ẹ bá fẹ́, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa bá yín kọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Dókítà kan wà láàárín yín tó bi mí ní ohun tí mò ń jẹ. Ó mọ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tí ẹ ó ti kọ ìwé tuntun náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún mi láti wá fa ẹ̀jẹ̀. Màá mú ẹ̀dà lẹ́tà yìí dání, màá sì mú kàlẹ́ńdà náà dání pẹ̀lú. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, gbogbo oṣù mọ́kànlá. Mo fẹ́ kí ẹnìkan tú u wò.

Èmi ni,
Aláìsàn yín láti ọdún 9 sẹ́yìn.